Ìlọ́po àti Ìrísí: Ohun tí Odi Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ lè Kọ́ Wa nípa Ìmútóbi

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ohun tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá sábà máa ń fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ṣùgbọ́n inú ìtàn ìlú méjì, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ni a ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá mú ohun kan, tí a sọ ọ́ di ńlá tàbí tí a sọ ọ́ di kékeré láì ba ìrísí rẹ̀ jẹ́, kí ni yóò yí padà lára rẹ̀? Kí ni kò ní í yí padà? Àwọn olùkọ́ ìṣirò ń fi rúlà àti lẹ́ẹ̀dì kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì gbàgbé rẹ̀ kété tí wọ́n bá ti jáde nínú yàrá ìdánwò. Ní èrò tiwa, ẹ̀kọ́ náà kò le. Èdè tí a fi kọ́ wọn ni kò bá ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé pàdé.

Kí a má baà di gbogbo ẹ̀bi ru èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú kókó kan tí ó wà nínú èdè tiwa náà. Bí a bá ní kí ọmọdé méjì ya yàrá kan sórí ilẹ̀, kí wọ́n sì tún ya òmíràn tí ó tóbi ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí èkíní fi ẹsẹ̀ wọn gígùn àti ìbú yàrá náà, kí ó sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di méjì. Ó sì ṣeé ṣe kí èkejì ya yàrá méjì mọ́ ara wọn. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí a sọ, àwọn méjèèjì ló jẹ́ iṣẹ́ tí a rán wọn. Ṣùgbọ́n bí yàrá ìṣáájú bá gba ẹní kan, ẹní méjì ni yàrá ọmọ kejì yóò gbà, mẹ́rin sì ni ti ọmọ kìíní. Ìlọ́po méjì ti gígùn yàtọ̀ sí ìlọ́po méjì ti ilẹ̀. Nítorí náà, nínú àpilẹ̀kọ yìí, nígbàkígbà tí a bá sọ pé "iye ìlọ́po", ti gígùn nìkan ni a ń sọ. Iye ilẹ̀ tí ohun kan gbà ni a ó máa pè ní ìtẹ́jú rẹ̀.

Ẹni tí ó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń tan àtùpà alẹ́ ti rí ìmútóbi rí, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ. Bí ọmọdé bá na ọwọ́ sí iwájú iná, òjìji ọwọ́ náà a hàn lára ògiri, a sì tóbi ju ọwọ́ lọ. Bí ọwọ́ bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí iná, tí ògiri sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i, òjìji ìka kọ̀ọ̀kan yóò gùn ju ìka fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Mẹ́ta ni iye ìlọ́po. Iná àtùpà ni ojú ìdúró, ìyẹn ibi tí gbogbo ìlà ti ń tan jáde. Ìka kò di mẹ́fà. Àlàfo tí ó wà láàrin àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kò yà sí i, nítorí pé igun kì í yí padà. Ṣùgbọ́n ibi tí òjìji náà bò lára ògiri jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án ibi tí ọwọ́ ìbá bò bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nìyí: gígùn ní ìlọ́po mẹ́ta, ìtẹ́jú ní ìlọ́po mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta.

Pẹ̀lú èyí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1826, ní ayé Aláàfin Májòtú, ni Hugh Clapperton, ará Sìkọ́tíláǹdì, dé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga. Richard Lander tí ó jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Clapperton kú ní Sókótó ní ọdún kejì, wọ́n sì tẹ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní 1829. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé odi amọ̀ ni ó yí ìlú náà ká, pé odi yìí ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20, pé yàrà gbígbẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, pé àyíká odi tó máìlì 15, ó sì ní bodè mẹ́wàá. Ó ní ààfin àti ilé àwọn ayaba gba nǹkan bí máìlì kan ní òró àti máìlì kan ní ìbú. Ìfojúdá ni gbogbo èyí. Kò fi okùn wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà náà, àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Frank Willett, àti lẹ́yìn rẹ̀ Robert Soper òun Patrick Darling, ti fẹsẹ̀ tọ ahoro náà, wọ́n sì ti fi hàn pé odi ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Fún ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín, ìfojúdá Clapperton tó wa í lò.

Ìlú ńlá yìí tú ní nǹkan bí 1835 sí 1837, lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sí ojú ogun tí ó bá Ìlọrin jà. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, ni ó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Kò padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àgọ́ Ọ̀jà, tí ó ju 100 kìlómítà lọ sí ìhà gúúsù, ni ó fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ni a ń pè ní Ọ̀yọ́ títí di òní. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́ yìí, tí ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ níbẹ̀ ní 1897 (1921 ni ìwé náà tó jáde), sọ bí Àtìbà ṣe kó àwọn ará ìlú tí ó wà nítòsí jọ láti fi kún Àgọ́, àti bí ó ṣe jí àwọn oyè àtijọ́ dìde.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ni pé Àtìbà kò dá ìlú onírìísí mìíràn sílẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé wà lọ́kàn rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe wà níwájú àtùpà. Ààfin wà láàrin, ọjà Àkẹsàn sì wà níwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọjà ọba tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà ṣe wà ní Ọ̀yọ́ Ilé. Kọ̀bì wà lára ààfin. Àdúgbò Ọ̀nà Ìsokùn, tí í ṣe ti àwọn ọmọ ọba, tún fìdí kalẹ̀. Bàrà wà. Ọ̀yọ́ Mèsì sì pé méje: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìínni, Lágùnà, Akínikú àti Aṣípa. Bí a bá fi ojú ìṣirò wò ó, ohun tí ó yẹ kí ó rí nìyí gan-an. Bí a bá sọ onígun méje di kékeré, onígun méje ni yóò ṣì jẹ́. Àtìbà kò lè ní ilẹ̀ ọba tó ti Abíọ́dún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti ní Ọ̀yọ́ Mèsì tó pé iye. Iye igun kì í náni ní nǹkan kan. Gígùn ni ó ń náni.

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ lẹ́nu pé ìdajì Ọ̀yọ́ Ilé ni Àtìbà tún kọ́. Ìdajì kí ni? Bí a bá gba ti Clapperton pé ààfin àtijọ́ jẹ́ máìlì kan ní òró àti máìlì kan ní ìbú, éékà 640 ni ìtẹ́jú rẹ̀. Bí a bá dá òró àti ìbú sí méjì, éékà 160 ni yóò kù, ìyẹn ìdá mẹ́rin, kì í ṣe ìdajì. Bí a bá sì dá wọn sí mẹ́rin, éékà 40 péré ni a ó bá. Ẹni tí ó bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ààfin kan tí ó gba wákàtí kan láti yí ká, tí ó sì tún wá yí òmíràn tí ó gba ìdajì wákàtí, yóò rò pé ìdajì ni ó rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò parọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbá àgbàlá méjèèjì yóò sọ nǹkan mìíràn. Ó yẹ kí àwa tí a ń ka ìwé àwọn arìnrìn-àjò máa rántí pé ìwọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún wa, ìwọ̀n ìtẹ́jú sì ni àwa fi ń tú u.

Ẹ má jẹ́ kí a sọ àsọdùn. Ọ̀yọ́ Àtìbà kì í ṣe àwòrán Ọ̀yọ́ Ilé tí a kàn sọ di kékeré ní gbogbo ọ̀nà. Nínú ìmútóbi tòótọ́, iye ìlọ́po kan náà ni gbogbo ẹ̀yà ara ohun náà ń gbà. Bí imú bá gba ìlọ́po méjì, tí etí gba ìlọ́po mẹ́ta, ère náà ti di nǹkan mìíràn. Àtìbà fi oyè Baṣọ̀run dá Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn lọ́lá, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Agbára ogun tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ ààfin bọ́ sí ìlú méjì mìíràn, ó sì tóbi níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn oyè pé, àwọn àdúgbò pé, ṣùgbọ́n apá ìlú náà kéré sí orí rẹ̀. Ibi tí àwòrán náà ti wọ́ nìyí, ìtàn Ọ̀yọ́ láti ìgbà náà títí di ikú Àtìbà ní 1859 àti ogun Ìjàyè tí ó tẹ̀ lé e kò sì ṣeé yé ẹni tí kò bá rí i.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn dàgbà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ni ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ó sì gbé orí rẹ̀, ìyẹn ni a fi ń pe ìlú náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Ìlú kékeré ni ní agbègbè Ìkòyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Ìlọrin gba ilẹ̀ náà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti abúlé agbègbè náà fọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ dúró. Tóyèjẹ, tí ó jẹ Kakaǹfò lẹ́yìn Àfọ̀njá, wà lára àwọn tí a fi ń rántí ìgbà náà. Àwọn tí ogun lé sá wọ ibẹ̀, àwọn ará Ìrẹsà àti ti Ìgbọ́n wà lára wọn. Wọ́n dé pẹ̀lú orúkọ ìlú wọn, oyè wọn àti òrìṣà wọn, wọ́n sì gba àdúgbò tiwọn. Èyí kì í ṣe ìlọ́po, àfikún ni. Aṣọ òkè ni a lè fi ṣe àpèjúwe rẹ̀. Òfì kì í fẹ̀ ju bí ó ti mọ lọ. Bí a bá fẹ́ aṣọ ńlá, a ó hun ọ̀já aṣọ púpọ̀ sí i, a ó sì rán wọn pọ̀. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan ṣì wà bí ó ti wà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wọ́ lọ sínú ìlú kan ṣoṣo dípò kí abúlé kọ̀ọ̀kan mọ odi tirẹ̀? Àwọn òpìtàn ti dárúkọ àwọn ìdí tí ó tọ́: Ṣọ̀ún jẹ́ akíkanjú, igbó wà nítòsí, àwọn ẹṣin Ìlọrin kò sì lè ráyè nínú igbó. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí kan tún wà tí ó jẹ́ ti ìwọ̀n, a kò sì rò pé a ti fún un ní àyè tí ó yẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní abúlé mẹ́rìndínlógún wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí róbótó, tí odi tí ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká jẹ́ máìlì kan, tí ó sì ní ọkùnrin ọgọ́rùn-ún tí ó lè di ọfà mú. Bí wọ́n bá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, odi máìlì 16 ni wọn yóò mọ, ọkùnrin 100 ni yóò sì máa ṣọ́ máìlì kọ̀ọ̀kan. Wàyí o, kí gbogbo wọn wá péjọ sínú odi kan tí ó rí róbótó, kí ilẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú rẹ̀ má sì dín kù. Ìtẹ́jú ti di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Iye ìlọ́po wo ni ó ń sọ ìtẹ́jú di mẹ́rìndínlógún? Mẹ́rin ni, nítorí pé mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Odi náà yóò wá jẹ́ máìlì mẹ́rin péré. Ọkùnrin 1,600 ni yóò máa ṣọ́ máìlì mẹ́rin, ìyẹn ọkùnrin 400 sí máìlì kan. Amọ̀ tí wọn yóò pò di ìdá mẹ́rin, ẹni tí ó ń ṣọ́ ibì kan náà sì di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìlú bá ṣe ń tóbi sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni odi rẹ̀ ń rọrùn sí i fún olúkúlùkù. Ìlú kan kò gbọdọ̀ ní ju èyí lọ kí abúlé tó wà láyìíká rẹ̀ tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn sá sí. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣe ìṣirò yìí sórí ilẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ti gbé amọ̀ odi rí ti mọ̀ ọ́n.

A kò sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ rí róbótó, tàbí pé abúlé mẹ́rìndínlógún ni ó wọ ibẹ̀. Àpẹẹrẹ ni. Ó sì ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni: bí ìlú bá ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni oko ń jìnnà sí ilé, nítorí ìlú tí ènìyàn rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún nílò ilẹ̀ oko bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ yóò rin ìlọ́po mẹ́rin ọ̀nà àtijọ́. Nígbà tí ogun ń jà, ẹ̀mí ṣe iyebíye ju ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tí ogun Kírìjí parí, tí Gómìnà Carter sì gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá ní 1893, odi kò níye lórí mọ́, ọ̀nà oko nìkan ló kù tí ó ń náni. Kò yà wá lẹ́nu nígbà náà pé àwọn ará Ìrẹsà àti Ìgbọ́n wà lára àwọn tí ó tún ìlú tiwọn tẹ̀ dó lẹ́yìn odi Ògbómọ̀ṣọ́. Òwú tí a fi rán ọ̀já aṣọ náà ti ń tú.

Títí di ìsinsìnyí, orí gígùn àti ìtẹ́jú ni a wà. Ohun kẹta wà, igbá Ọ̀yọ́ ni ó sì lè fi hàn wá jù lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ Ọ̀yọ́ mọ́ igbá fínfín. Ká ní igbá méjì wà tí ìrísí wọn bá ara mu, tí èkejì ga ní ìlọ́po méjì èkíní, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Okùn tí yóò yí ẹnu rẹ̀ ká jẹ́ ìlọ́po méjì. Ara igbá tí afíngbá yóò fi ọ̀bẹ fín ọnà sí jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Omi tí yóò gbà jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ, ìyẹn méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì. Igbá kan náà ni, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì bá lára rẹ̀. Bí afíngbá bá gba owó iṣẹ́ ìlọ́po méjì lórí rẹ̀ nítorí pé ó ga ní ìlọ́po méjì, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń ta ẹ̀kọ mímu: bí ó bá fi igbá ńlá wọ̀n ọ́n ní ìlọ́po mẹ́rin owó, ó jẹ gbèsè.

Galileo Galilei, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, ṣe àlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1638. Ó ní bí a bá sọ ẹranko kan di ńlá láì yí ìrísí rẹ̀ padà, egungun rẹ̀ kò ní lè gbé e, nítorí pé ìwúwo ń pọ̀ ní ìlọ́po onípele mẹ́ta, nígbà tí agbára egungun ń pọ̀ ní ìlọ́po onípele méjì. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ erin kò fi jọ ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín tí a kàn fẹ̀. Ìdí kan náà ni kò jẹ́ kí a lè kọ́ ògiri amọ̀ alájà mẹ́rin kí a sì fi ìwọ̀n nínípọn ti ilé kékeré sí i.

Nípa ti ilé-ẹ̀kọ́, ìtàn kúkúrú ni a ó sọ. Ẹ̀kọ́ ìmútóbi wà lára ohun tí ìṣirò ìgbàlódé gbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí a dáwọ́ ìṣirò ìgbàlódé náà dúró. Ìmútóbi kò bá a lọ. Ó ṣì wà nínú ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ. Láàrin àkókò yẹn kan náà, láti 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Àwa akọ́mọlédè ní ọ̀rọ̀ fún fóníìmù àti fún àpólà-orúkọ, a sì ń jiyàn lé wọn lórí ní àpérò. Ṣùgbọ́n a ti rí i nínú kíláàsì tí olùkọ́ ìṣirò sọ pé "ìlọ́po méjì", tí ìdajì àwọn ọmọ dá a lóhùn pé mẹ́rin, tí ìdajì dá a lóhùn pé méjì, tí ó sì na gbogbo wọn. Kò yẹ kí ó na ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tiwa ni ó yẹ kí ó ti bá a ya gígùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìtẹ́jú.

Ìdánrawò kan wà tí a máa ń fún àwọn ọmọ, a sì fi í sílẹ̀ fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lò ó. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Lórí àwòrán-ilẹ̀ tí kìlómítà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì, ọ̀nà náà yóò gùn tó mítà kan, a ó sì ní láti lẹ ìwé mọ́ ìwé kí ó tó gbà á. Lórí èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún kìlómítà méjì àbọ̀, sẹ̀ǹtímítà 20 péré ni, ó sì bọ́ sórí ìwé kan. A ó wá béèrè pé: bí oko kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà bá gba ìwọ̀n ìtẹ́jú sẹ̀ǹtímítà kan ní òró àti ọ̀kan ní ìbú lórí àwòrán kékeré, mélòó ni yóò gbà lórí ti ńlá? Ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ sọ pé márùn-ún. Ẹ fún wọn ní ẹ̀pà kí wọ́n tò ó sórí ìwé méjèèjì, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi ka iye ẹ̀pà tí ó bo oko náà lórí àwòrán ńlá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.